Ọwọ́ Ọmọ Láàrin Odò

Ìgbà kẹrin nìyí tí Maino Hansda ń gun òkìtì ọ̀gán tó wà lẹ́yìn ilé màlúù nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Lórí òkìtì yẹn nìkan ni fóònù ti ń gbóhùn dáadáa ní abúlé Kusumdih. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀ka igi mú, ó fi èkejì lẹ fóònù mọ́ etí bí ẹni tí eyín ń dùn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ," ó ní. "Bàbá náà kò fọwọ́ kan ìyá náà. Kò fọwọ́ kàn án rárá."

"Mo ti gbọ́ yín, Màmá. Ṣùgbọ́n odò ti kún. Ọmọ tó bá ń wo àwòrán náà máa bèèrè pé, kí ló dé tí bàbá yìí ò fa obìnrin yìí lọ́wọ́?"

"Tó bá bèèrè, ẹ dá a lóhùn. Ṣebí ìdí tí a fi ń sọ ìtàn nìyẹn."

"Àyè ò sí lójú ìwé náà mọ́."

"Àyè ò sí fún òótọ́, àyè wá wà fún bàtà tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ fún ìyá mi?"

"A ti bọ́ bàtà yẹn, Màmá."

"Ẹ bọ́ bàtà, ẹ wá gbé èmi pọ̀n sẹ́yìn bàbá!"

Obìnrin tó wà lórí fóònù mí kanlẹ̀. Anindita ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń bójú tó ìwé náà ní ọ́fíìsì kan tó ń tẹ ìwé ọmọdé ní ìlú Ranchi. Ohùn rẹ̀ rọ̀, kì í bínú, ohun tó sì ń bí Maino nínú jù lọ nìyẹn. Ẹni tó bá bínú, èèyàn lè bá a jà kó parí. Ẹni tí kì í bínú, ńṣe ló máa ń padà wá lọ́la tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Màmá, Sátidé la máa kó o fún àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ ò bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ kó tó di ọjọ́ yẹn, ìwé míì ni wọ́n máa fi dí àyè rẹ̀. Ìwé mẹ́jọ ni ilé ìwé gbogbo àgbègbè yìí máa gbà, tiyín nìkan ló wà ní èdè Santali. Ẹ rò ó dáadáa. Èmi fúnra mi ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, ká jókòó sọ ọ́."

"Ẹ máa bọ̀," ni Maino fẹ́ sọ, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ìdí ló fi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkìtì dé inú ẹrẹ̀, fóònù náà sì wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀ bí àsíá.

Ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá ilé màlúù. Chita ni, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

"Màmá àgbà, ṣé wọ́n ní kí ẹ máa jó fún wọn ni?"

"Wá fà mí dìde, ìwọ orogún mi yìí. Ìdí mi ti yẹ̀."

"Ọwọ́ wo ni kí n fi fà yín?"

"Ọwọ́ tó bá wù ọ́! Ṣé ìwọ náà fẹ́ máa bi mí ní ìbéèrè bí ará Ranchi ni?"

Ìtàn tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ yìí, kò sí ọmọ kan ní Kusumdih tí kò mọ̀ ọ́n. Maino ló ti ń sọ ọ́ fún wọn láti ọgbọ̀n ọdún, nígbà tí wọ́n bá ń pa ìrẹsì tàbí tí òjò bá sé wọn mọ́lé. Nígbà tó fi máa pé ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, tó kọ́ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà nínú kíláàsì àwọn obìnrin, ìtàn yẹn ni nǹkan àkọ́kọ́ tó kọ sínú ìwé látòkèdélẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló gbà á. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó sì ń wọ́ bí ìgbín, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló pé.

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ̀, Dhunu, ti lọ ṣiṣẹ́ ní oko tíì ní Assam lọ́nà jíjìn. Odò kún lóru, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, omi ti yí ilé wọn ká, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọdá lọ sórí ilẹ̀ gíga. Ìyá rẹ̀, Jhano, ru apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì tí wọ́n fi pa mọ́ fún gbíngbìn. Ọwọ́ kan ló fi di apẹ̀rẹ̀ náà mú lórí, nítorí tó bá já bọ́, ebi ọdún tó ń bọ̀ ti dé nìyẹn. Bajal, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí òun náà ń pè ní bàbá, gba inú omi wá bá wọn. Ọwọ́ kan ló fi di ọ̀pá ọparun mú tó fi ń wá ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Ó ṣẹ́ ku ọwọ́ kan fún bàbá yìí, ó ṣẹ́ ku ọwọ́ kan fún ìyá náà. Àmọ́ ọkùnrin kì í fọwọ́ kan ìyàwó àbúrò rẹ̀. Kì í jókòó lórí ibùsùn kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kì í gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀, kò sì sí ìkórìíra. Bí èèyàn ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ilé àbúrò rẹ̀ nìyẹn, odò ò sì lè wá yí i padà ní òwúrọ̀ kan.

Nítorí náà, ọmọ ló wọ àárín. Ọwọ́ ọ̀tún ìyá nínú ọwọ́ rẹ̀ kan, ọwọ́ bàbá nínú ọwọ́ rẹ̀ kejì, àwọn mẹ́ta tò bí okùn, wọ́n sì sọdá. Bí wọ́n ṣe dé àárín odò gan-an ni imú ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Kusumdih máa ń dúró dè. Wọ́n á jọ pariwo: "Ọwọ́ kan ti ìyá, ọwọ́ kan ti bàbá, imú ń yún mi, ta ló máa bá mi họ ọ́?" Wọ́n á máa fi imú ra èjìká ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí àwọn kan á fi ṣubú.

Ìtàn náà kò jù báyìí lọ. Wọ́n wá ya àwòrán tó fi bàbá síwájú, tó di ìyá mú ní ọrùn ọwọ́, ó ń fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Ọmọ wà lẹ́yìn bàbá, ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Ta ni imú ń yún tí kò lè họ ọ́? Wọ́n kúkú ti yọ imú kúrò. Ẹ̀yìn ìwé náà ni wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ kan sí, èyí tí Maino fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbà gbọ́ pé ohun tó ń kà nìyẹn: *Ìtàn ìfaradà. Akọni ọkùnrin kan fọ́ àṣà àtijọ́ kí ó lè gba ẹ̀mí là.*

"Fọ́ kí ni?" ni Maino bi ògiri ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tó mú ọ̀ràn náà le ni pé ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀. Jhano ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Kò mọ̀wé, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣì ríran, ó sì ti ń bèèrè láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pé, "Ìwé mi dà?" Chita náà ti sọ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀. Tí Maino bá kọ̀, ìwé kankan ò ní dé ilé ìwé náà ní èdè tí wọ́n fi ń pe màlúù wọn. Tó bá gbà, irọ́ nípa ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ títí láé.

Lọ́jọ́bọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, Anindita dé. Ó fi jíìpù sílẹ̀ ní òdìkejì odò, ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì bá orí òkúta sọdá nítorí omi kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ojú rẹ̀ fani mọ́ra, ó sì gbé àwọn ojú ìwé náà sínú ọ̀rá kan. Chita gbé omi inú ìkòkò idẹ kékeré síwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò. Anindita mọ ohun tó yẹ, ó tẹrí ba, ó fọwọ́ kan omi náà. Inú Maino rọ̀ díẹ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bóyá obìnrin yìí á gbọ́ràn lójúkojú.

Bajal jókòó lórí ibùsùn onókùn lábẹ́ igi, ó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, apá rẹ̀ ṣì le bí gbòǹgbò, òun ló sì ń mú èèyàn sọdá odò nígbà òjò títí di òní. Anindita lọ dúró níwájú rẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ láti kí i. Ó ti ní kí ẹnì kan kọ́ òun ní gbólóhùn kan ní èdè Santali láti Ranchi, ó ń kà á lẹ́nu bọ̀ láti inú jíìpù.

"Johar, Bàbá. Mo mọ bí ẹ ṣe bọ̀wọ̀ fún ìyá yìí tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èmi náà bí ìyàwó àbúrò yín."

Àwọ̀n dúró lọ́wọ́ Bajal. Àwọn obìnrin tó ń fẹ́ ìrẹsì ní ilé kejì na ọrùn wò. Bajal dìde lórí ibùsùn náà kíá, ó rìn lọ sẹ́yìn igi, ó sì kọ ojú sí oko.

"Kí ni mo ṣe?" ni Anindita bi Maino.

Maino fi ọwọ́ bo ojú. "Àǹtí, ta ló kọ́ yín ní èyí?"

"Awakọ̀ ọ́fíìsì wa. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ ni."

"Ẹ̀yẹ ni lóòótọ́. Ẹ ì bá ti sọ pé ọmọ wọn ni yín. Ẹ ì bá ti sọ pé ọmọ ọmọ wọn ni yín, wọn ì bá máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí di alẹ́. Nínú gbogbo ohun tó wà láyé, ẹni tí wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn lẹ yàn!" Ó yíjú sí ẹ̀yìn igi. "Bàbá Bajal, àlejò ni wọ́n. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ."

"Ẹyin lọ̀rọ̀," ni Bajal wí látẹ̀yìn igi. "Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Gbogbo ilé ló gbọ́. Ṣé mo fẹ́ máa wá yan èyí tí mo fẹ́ gbọ́ ni?"

"Ṣé mo lè fi àwòrán náà hàn wọ́n, ó kéré tán?" ni Anindita bi. Ó na ojú ìwé náà sí ẹ̀yìn igi. Kò sí ẹni tó gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

"Ẹ gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀," ni Chita wí, bí ẹni ń bá ọmọ jòjòló sọ̀rọ̀. "Ẹ ó wá sún sẹ́yìn."

Anindita gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Bajal jáde wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Ó wo àwòrán náà jìnnà, ó wò ó nítòsí.

"Ta ni ọ̀mùtí yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá," ni Maino dáhùn.

"Èmi?" Ó tún wò ó. "Èmi ni mo di ìyàwó Dhunu lọ́wọ́ mú báyìí? Níta gbangba? Nígbà tí Dhunu wà ní Assam?" Ó gbé ojú ìwé náà padà sílẹ̀, ó fi òkúta lé e kí atẹ́gùn má gbé e lọ, ó sì padà sẹ́yìn igi rẹ̀.

Àsìkò oúnjẹ kò dùn tó bó ṣe yẹ. Maino bu ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ sínú àwo ewé, ó fi ẹja kékeré méjì sórí ti àlejò. Anindita jẹun dáadáa, ó ń yin ọbẹ̀, ó sì ń padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàrin òkèlè.

"Màmá, ẹ gbọ́ tèmi. Ìwé yìí, ìfaradà ló dá lé. Àwọn tó ń fún wa lówó, ìfaradà ni wọ́n fẹ́. Ọmọ tó rí ìyọnu tó sì borí rẹ̀."

"Ta ló borí rẹ̀ nínú àwòrán yín? Ọmọ ń ṣeré lẹ́yìn èèyàn. Bàbá nìkan ló ń ṣiṣẹ́."

"Ọmọ náà fara dà á."

"Apẹ̀rẹ̀ náà fara dà á. Ẹ kúkú kọ ìwé nípa apẹ̀rẹ̀."

Chita rẹ́rìn-ín, ìrẹsì tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Maino kò rẹ́rìn-ín.

"Àwọn ọmọ ìlú ńlá náà máa ka ìwé yìí," ni Anindita tún wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Wọ́n máa rò pé àwọn èèyàn yín ì bá jẹ́ kí obìnrin kan kú sómi nítorí àṣà."

"Ta ló kú?" Maino nawọ́ sí ìyá rẹ̀ tó jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Ẹ wò wọ́n. Wọ́n ń jẹun. Wọ́n ti jẹ ẹja tèmi mọ́ tiwọn."

Jhano nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ gbé ìwé mi wá kí n wò ó."

Maino ti ń sá fún èyí láti oṣù kan. Ó wo Anindita, Anindita sì ti fa ojú ìwé náà yọ. Jhano gbé e sórí itan. Ó fi ìka tọ omi, ó tọ apẹ̀rẹ̀. Ó dé ibi ọwọ́, ó sì dúró. Lẹ́yìn náà ó fa etí aṣọ bo orí rẹ̀ bí ìyàwó tuntun.

"Obìnrin yìí, ta ni?"

"Ìyá, ẹ má jẹ́ kó..."

"Mo ní ta ni?"

"Ẹ̀yin ni."

Jhano tún wo ọwọ́ náà. "Bàbá rẹ ńkọ́, tó bá rí i?"

"Ìyá, Bàbá ti kú. Ọdún mẹ́sàn-án nìyí."

"Ṣé ìwọ ló fẹ́ sọ fún mi pé ọkọ mi ti kú? Ibẹ̀ náà lèmi ń lọ. Ṣé ìwé yìí ni mo máa wá mú dání lọ bá a?" Ó dá ojú ìwé náà padà. "Ewúrẹ́ wa dà níbẹ̀? Funfun ni."

"Ewúrẹ́ wo?" ni Anindita bi.

"A ní ewúrẹ́," ni Jhano wí. "Kò sí ẹni tó ń rántí rẹ̀."

Maino dìde, ó ní òun ń lọ wo màlúù. Màlúù náà kò ní ìṣòro kankan. Ó dúró tì í, ó fọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un ní kíkún. Ó ní ó ti sú òun. Ó ní ẹni tí kò mọ̀wé, wọn kì í lè fi ìwé rẹ́ ẹ jẹ. Nígbà tí òun kò mọ lẹ́tà, kò sí ẹni tó lè ba ìtàn òun jẹ́, nítorí ẹnu òun ló wà. Màlúù náà jẹ koríko rẹ̀ lọ.

Ìgbà tó padà, ojú ọ̀run ti dúdú lápá òkè. Bajal pè látìta láìyọjú. "Ẹ sọ fún àlejò pé tó bá fẹ́ sùn sílé rẹ̀ lónìí, àsìkò ti tó. Òjò ti rọ̀ sórí òkè. Omi ń bọ̀."

Anindita yára kó ẹrù rẹ̀, ó ní òun gbọ́dọ̀ dé Ranchi kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo wọn sìn ín lọ. Maino ń tiro nítorí ìdí rẹ̀ tó yẹ̀, Jhano tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, òkúta tí Anindita tẹ̀ láàárọ̀ ti pòórá. Omi ti pupa, ó ti dé orúnkún, ó sì ń hó bó ṣe ń lọ. Awakọ̀ dúró ní òdìkejì lẹ́bàá jíìpù, ó ń juwọ́.

Bajal ti wọ inú omi pẹ̀lú ọ̀pá ọparun rẹ̀, ó ń tẹ ilẹ̀ wò. "Ibí dára," ó ní. "Kò ní kọjá itan. Àmọ́ kó yára."

Anindita bọ́ bàtà. Ó gbé ọ̀rá ìwé náà lé orí, ó fi ọwọ́ kan dì í mú. Ó wọ inú omi, omi gbá a lẹ́sẹ̀, ó sì ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ó na ọwọ́ kejì sí bàbá náà.

Bajal fi ọwọ́ rẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Anindita wí.

Bajal yíjú. Ó wo odò.

Orí Maino gbóná. Ó ro Sátidé. Ó ro jíìpù tó ń dúró, àti obìnrin tó máa lọ sọ ní ọ́fíìsì pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí òun kú sómi ní Kusumdih. Ó pariwo:

"Bàbá Bajal, ẹ fà á lọ́wọ́! Omi ń kún! Àlejò ni, ta ló ń wò yín?"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ó gbọ́ ohun tó sọ. Anindita yíjú wò ó láti inú omi. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn wò ó. Ọ̀rọ̀ tí Maino ti ń bá jà lórí òkìtì ọ̀gán láti oṣù mẹ́ta, ẹnu ara rẹ̀ ló gbà jáde.

"Maino," ni Bajal wí, "ìwọ lo sọ̀rọ̀ yẹn, àbí odò?"

"Odò ni," ni Jhano dáhùn fún un látẹ̀yìn. "Ọmọ tèmi kì í sọ irú ẹ̀."

Maino ká aṣọ sókè. "Ẹ dúró. Èmi ni mo ń wọ àárín."

"Ìwọ tí ìdí rẹ yẹ̀?" ni Bajal wí. "Ta ló máa wá gbé ìwọ?"

Kí wọ́n tó parí rẹ̀, Chita ti ki ẹ̀wù rẹ̀ bọ ìgbànú, ó ti wọ inú omi. Maino pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ náà kò wẹ̀yìn. Ó di ọwọ́ Bajal mú, ó yíjú, ó na ọwọ́ kejì sí Anindita. "Ẹ dì mí mú dáadáa," ó ní. "Ẹ má wo omi. Orí mi ni kí ẹ máa wò."

Anindita dì í mú. Àwọn mẹ́ta tò, wọ́n ń lọ. Omi dé itan obìnrin náà, ó dé ìbàdí ọmọ náà. Ní àárín odò, ẹsẹ̀ Anindita yẹ̀ lórí nǹkan kan. Ó fẹ́ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rá ìwé fì lórí rẹ̀, Maino sì gbọ́ ara rẹ̀ tó ké. Apá Chita na tán. Ó fa obìnrin náà lápá kan, Bajal fa òun lápá kejì, okùn náà le dandan, kò já. Anindita tún ẹsẹ̀ tẹ̀. Wọ́n dúró díẹ̀ kí èémí rẹ̀ lè balẹ̀. Níbẹ̀ ni Chita ti gbé ojú sókè, òjò ń kán sí i lójú, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pariwo:

"Imú ń yún mi o!"

Bajal ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Jhano rẹ́rìn-ín létí odò títí ó fi gbára lé ọ̀pá. Awakọ̀ ní òdìkejì rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Anindita kò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà lórí ọ̀rá ìwé, ó wo ọwọ́ kejì tó wà nínú ọwọ́ ọmọ náà, ó wá wo imú Chita tí omi ń kán lórí rẹ̀, kò sì sí ọwọ́ kankan láàrin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè dé ibẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tún gbé e ṣubú.

Nígbà tí wọ́n gòkè sí òdìkejì, ohun tí Anindita kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bẹ̀rẹ̀, ó sì bá ọmọ náà họ imú dáadáa. Chita di ojú, ó gbádùn rẹ̀.

Anindita jókòó sí ẹnu jíìpù, ó fa ojú ìwé náà yọ nínú ọ̀rá, ó ṣí bíírò. Bajal ti gbé Chita lé èjìká, wọ́n ń padà bọ̀. Obìnrin náà dúró, ó fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni ń fun fèrè, ó sì pariwo ré odò kọjá.

"Màmá! Ẹ má tíì tọwọ́ bọ̀ ọ́! Ayàwòrán máa tún un yà!"

"Sátidé ńkọ́?" ni Maino pariwo padà.

"Èmi ni mo máa lọ bá wọn jà! Ọwọ́ wo?"

"Kí lẹ wí?"

"Ọwọ́ wo lẹ fi di bàbá mú?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láti oṣù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni bi í ní ohun tó yẹ kí wọ́n bi í. Maino mí sínú. Ó ti sọ ìtàn náà fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì tíì ṣì í sọ rí. "Òsì!" ó pariwo.

"Ọ̀tún ni," ni Jhano wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Maino yíjú sí i. "Ìyá."

"Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ló di Bàbá Ọlọ́parun mú." Jhano kì í pe orúkọ Bajal, kò pè é rí. "Ọwọ́ òsì rẹ ló wà lọ́wọ́ mi. Egbò kan wà ní àtàǹpàkò rẹ òsì nígbà náà, mo ń ṣọ́ra fún un."

"Ìyá, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi sọ ìtàn yìí létí yín! Ẹ ò sọ nǹkan kan!"

"O ò bi mí."

Bajal gòkè sí etí odò, omi ń kán lára rẹ̀, Chita lórí èjìká. Maino bi í kó tó gbé ọmọ náà sílẹ̀. Bajal ronú, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn padà.

"Mo rántí ọ̀pá," ó ní. "Ọ̀pá yẹn dára. N kò rí irú rẹ̀ mọ́."

"Màmá!" Ohùn Anindita tún ré odò kọjá. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gidi, ó fi ọ̀rá bo ìwé, bíírò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Òsì àbí ọ̀tún?"

Maino wo ìyá rẹ̀. Jhano fa etí aṣọ bo orí nítorí òjò, ó wo odò, ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tí ọ̀ràn náà kò kàn.

"Ọ̀tún!" ni Maino pariwo, inú ń bí i.

"Ẹ sọ fún un pé ewúrẹ́ funfun ni," ni Jhano wí.